Ọjọ́ Márùn-ún ní Cambridge: Bí BBC Micro Ṣe Dáyé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1981, Hermann Hauser, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Acorn sílẹ̀, pa irọ́ kan náà fún ẹni méjì nílùú Cambridge. Ó sọ fún Steve Furber pé Sophie Wilson ti gbà pé àwọn lè ṣe kọ̀ǹpútà tuntun kan jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó yí padà, ó sọ fún Wilson pé Furber ti gbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó gbà nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́, tí wọ́n wá sọ fún un pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bọ̀wọ̀ fún ti ní ó ṣeé ṣe, ṣé òun ló máa wá sọ pé apá òun ò ká a? Àwọn méjèèjì kó sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ará BBC, tó ń wá kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa fi orúkọ wọn sí, wọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n sì bá ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì.

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn BBC Micro, irọ́ ò sì sí nínú rẹ̀. Àbùkù tí mo rí lára ìtàn náà ni pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ́ jù, ó sì máa ń parí kíá jù. Ohun tí wọ́n fi ọjọ́ márùn-ún kàn, wọ́n ti jiyàn lé e lórí tipẹ́. Apá ibi tó sì wúlò jù lọ lára ẹ̀rọ náà fún èmi àti ìwọ lónìí, kì í ṣe tìtorí BBC ni wọ́n ṣe fi sí i. Ojúhò kan ni, lábẹ́ ikùn ẹ̀rọ, tí àwọn ará ilé fẹnu kò sí kí ìjà wọn lè tán.

Ilé kékeré ní Market Hill

Ọmọ ìlú Vienna ní Ọ́síríà ni Hauser, ẹ̀kọ́ físíìsì ló gbé e wá sí Cambridge. Chris Curry, ẹnì kejì rẹ̀, ti bá Clive Sinclair ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Sinclair tí gbogbo ìlú Ọba mọ̀ sí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ kéékèèké ní owó pọ́ọ́kú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, Hauser àti Curry dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Nígbà tó yá, orúkọ tí wọ́n fi ń tajà ni Acorn. Wọ́n fẹ́ kí orúkọ àwọn ṣáájú Apple nínú ìwé nọ́ńbà fóònù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́fíìsì wọn wà ní 4a Market Hill, lójú ọ̀nà tóóró kan nítòsí ọjà àárín ìlú.

Owó tí wọ́n kọ́kọ́ rí, ara ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ni wọ́n ti rí i. Wọ́n ń ṣe ọpọlọ fún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń gbé sí ilé ọtí, tí èèyàn á ju owó sí, tí á fa ọwọ́ rẹ̀, tí á máa retí pé kó pọ owó. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ti rí i pé béèyàn bá ṣáná láítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìtànná pẹ́ẹ́ yẹn lè da orí ẹ̀rọ náà rú kó bẹ̀rẹ̀ sí í kówó sílẹ̀. Sophie Wilson, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà náà, ló wá nǹkan tó dí ọ̀nà ọgbọ́n burúkú yẹn. Òun náà ló ti fi ọpọlọ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní 6502 ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn oúnjẹ fún màlúù. Ẹ̀rọ kan tó tún yàwòrán rẹ̀ lẹ́yìn náà ni Acorn tà lọ́dún 1979 ní orúkọ System 1.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí 6502 yìí, torí láìsí i kò sí ìtàn kankan. Ilé-iṣẹ́ MOS Technology ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1975, dọ́là 25 ni wọ́n sì ń tà á, nígbà tí tàwọn tó kù ń lọ bí ọgọ́rùn-ún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló wà nínú Apple II, òun ló wà nínú Commodore PET. Kò ní ọ̀pọ̀ ohun mèremère, ṣùgbọ́n ohun tó bá ń ṣe, kíákíá ló ń ṣe é. Nígbà tí ọ̀ràn BBC fi máa dé, Wilson ti mọ ìwà rẹ̀ débi pé ó lè kọ ètò fún un láìṣí ìwé wò.

Furber ní tirẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe òṣìṣẹ́ Acorn. Ìwádìí lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn lára ohun tó ń fò ló ń ṣe ní yunifásítì. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ló fi ń bá wọn kan ẹ̀rọ. Oṣù Kẹwàá 1981, lẹ́yìn tí ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ló tó di òṣìṣẹ́ wọn gan-an.

Ohun tí BBC ń wá

Lọ́dún 1978, BBC gbé ètò kan sáfẹ́fẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n tó sọ nípa ṣíìpù, ègé kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, bó ṣe ń kéré sí i tó ń rọlẹ̀ lówó, àti iṣẹ́ tó máa gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ètò náà da jìnnìjìnnì bo ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn olóṣèlú. Ẹ̀ka BBC tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ àgbà wá gbà pé ó yẹ káwọn kọ́ ará ìlú ní ohun tí kọ̀ǹpútà jẹ́. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní tó: ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ nílé tó lè fọwọ́ tẹ̀.

Ẹ̀rọ wo wá ni? Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Gbogbo kọ̀ǹpútà ilé tó wà lórí àtẹ nígbà náà ló sọ pé BASIC, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, lòun ń gbọ́, ṣùgbọ́n BASIC ti kálukú ló yàtọ̀. Ètò tí olùkọ́ bá kọ sórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó lè ṣiṣẹ́ nílé ẹnì kan kó kọ̀ jálẹ̀ nílé aládùúgbò rẹ̀. BBC pinnu pé àwọn máa fi orúkọ àwọn sára ẹ̀rọ kan ṣoṣo, òun làwọn á fi máa kọ́ni.

Ilé-iṣẹ́ Newbury Laboratories, tí owó ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń jẹ́ NewBrain. Ẹ̀rọ náà ò ṣe tán, kò sì dà bí ẹni pé ó máa ṣe tán lásìkò. Ètò tẹlifíṣọ̀n náà, wọ́n ti dá a sí ìgbà ìwọ́wé 1981. Nígbà tí ọjọ́ ń lọ tí NewBrain ò jáde, BBC ṣílẹ̀kùn fún àwọn mìíràn kí wọ́n wá fi tiwọn hàn. Ibẹ̀ ni Acorn ti rá wọlé. Sinclair náà wà níbẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé rò pé òun ni wọ́n máa mú: ZX80 rẹ̀ ti tà dáadáa, ZX81 sì jáde ní oṣù Kẹta 1981 ní £69.95, owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì ta kọ̀ǹpútà rí ní ìlú yẹn.

Ìjà tó wà nílẹ̀ kí BBC tó dé

Ibí yìí làwọn tó ń sọ ìtàn máa ń fò kọjá. Acorn ti ta ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Atom lọ́dún 1980, wọ́n sì ti wọnú àríyànjiyàn lórí ohun tó máa tẹ̀ lé e. Àwọn kan láàárín wọn ní kí àwọn yé ṣe ẹ̀rọ ọmọdé: kí àwọn lọ sórí ọpọlọ bíìtì 16, tó ń gba ìsọfúnni lẹ́ẹ̀kan náà ju 6502 lọ, kí àwọn kan kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti oníṣòwò á fi ṣiṣẹ́ gidi. Àwọn kejì ní owó dà? Àwọn mọ 6502 dunjú, ẹni tó ń ra Atom ló ń bọ́ àwọn, kí àwọn tún Atom ṣe kó sunwọ̀n sí i.

Hauser ló bá wọn parí ìjà náà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ṣe, 6502 ni ọpọlọ rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ní kọjá agbára ẹni tó fẹ́ gbé e sílé. Ẹ̀rọ yìí á máa mójú tó bọ́tìnnì títẹ̀, àwòrán, ohùn àti dísìkì. Ṣùgbọ́n wọ́n á ṣí ojúhò kan sílẹ̀ lára rẹ̀ tó yára gan-an, ẹni tó bá fẹ́ agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ á so ọpọlọ mìíràn mọ́ ọn láti ibẹ̀, irú ọpọlọ yòówù kó jẹ́. Tuntun á máa ronú, 6502 á máa jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Ojúhò náà ni wọ́n pè ní Tube. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n pè ní Proton. Ẹgbẹ́ méjèèjì rí nǹkan mú lọ sílé.

Nítorí náà, nígbà tí BBC kàn sí wọn pé àwọn ń bọ̀ wá wo ohun tí wọ́n ní, orí bébà ni Proton wà lóòótọ́, wọn ò tíì so wáyà kan mọ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n ìpinnu tó le jù, ohun tí ẹ̀rọ máa jẹ́ àti ohun tí kò ní jẹ́, ti parí. Mi ò rò pé irọ́ Hauser ì bá ṣiṣẹ́ ká ní wọ́n ṣì ń jà lórí ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ náà

Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú, Wilson àti Furber ń yàwòrán: ìlà wo ló lọ síbo, ṣíìpù wo ló bá èwo sọ̀rọ̀. Mẹ́mọ́rì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú ìgbà náà, ọpọlọ ẹ̀rọ àti àwòrán ojú rẹ̀ jọ ń jà lé mẹ́mọ́rì kan náà lórí ni. Lórí ZX81, bí àwòrán bá wà lójú ẹ̀rọ, iṣẹ́ á máa falẹ̀. Bó o bá ní kí iṣẹ́ yára, ojú ẹ̀rọ á ṣófo títí iṣẹ́ á fi parí. Àwọn ará Acorn ò fẹ́ irú rẹ̀. Wọ́n ní kí mẹ́mọ́rì máa dáhùn ní ìgbà mílíọ̀nù 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ọpọlọ gba mílíọ̀nù 2, kí àwòrán gba mílíọ̀nù 2 tó kù, bí ẹni méjì tó ń gúnyán nínú odó kan tí ọmọ odó wọn kì í kọlu ara wọn. Ọpọlọ ò ní dúró de àwòrán, àwòrán ò ní dúró de ọpọlọ.

Ó dùn lẹ́nu. Àmọ́ ta ló ń ta mẹ́mọ́rì tó yára tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1981? Ilé-iṣẹ́ Hitachi ti Jàpáánì nìkan ni wọ́n rí tó ń múra láti ṣe é. Ẹyọ mẹ́rin péré ló wà ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, aṣojú Hitachi ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá fún Acorn. Bí ẹnikẹ́ni bá jó ọ̀kan nínú wọn, ó parí nìyẹn.

Ram Banerjee, tí wọ́n mọ̀ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù nídìí wáyà wíwé, ló bá wọn wé wáyà náà mọ́ bọ́ọ̀dù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà dé ìlà. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ ti dúró. Kò kàn ṣiṣẹ́ ni. Wọ́n fi òru mọ́jú nídìí rẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tí wọ́n fi ń yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n ń tú wáyà, wọ́n ń tún un so. Ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wákàtí mẹ́ta kí àlejò dé, òkú ẹ̀rọ ló ṣì wà níbẹ̀.

Hauser ló sọ̀rọ̀. Kì í ṣe òun ni ẹnjiníà tó mọ̀ jù nínú yàrá yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló mọ̀ kéré jù níbẹ̀ nípa wáyà. Ó ní kí wọ́n já okùn tó so ẹ̀rọ tuntun náà mọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n jẹ́ kó dá dúró. Wọ́n já a. Ẹ̀rọ náà jí.

Bí àwọn ará BBC ṣe ń wọlé, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, BASIC ti ń ṣiṣẹ́. BBC ti lọ wo tàwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn. Acorn ni wọ́n fún ní iṣẹ́ náà. Wọ́n fi nǹkan kún ohun tó wà lára Proton, irú èyí tó jẹ BBC lógún: ṣíìpù teletext, irú èyí tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé ìròyìn Ceefax jáde ní lẹ́tà, kí ẹ̀rọ náà lè fi mẹ́mọ́rì kílóbáìtì 1 péré kọ ojú-ewé aláwọ̀ mèremère. Wilson kọ BASIC tuntun fún un, BBC BASIC, tó yára, tó jẹ́ kí èèyàn lè pín ètò rẹ̀ sí abala abala tó ní orúkọ, tó sì gbà kí o da èdè ọpọlọ 6502 gan-an pọ̀ mọ́ ọn láàárín ètò kan náà. Ní tèmi, BASIC yẹn ni ohun tó dára jù lára ẹ̀rọ náà. Ọmọ iléèwé tó fi í kọ́ṣẹ́ ò ní láti gbàgbé ohun tó kọ́ nígbà tó bá dé iwájú.

Ọdún kan tí kò rọrùn

Wọ́n kéde ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1981. Model A ní mẹ́mọ́rì kílóbáìtì 16, £235. Model B ní kílóbáìtì 32, £335. Kò pẹ́ tí owó fi gbẹ́nu sókè di £299 àti £399, kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ rà á tó fojú kàn án. Ètò tẹlifíṣọ̀n tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé sún sí oṣù Kìíní 1982. Ó bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn wò ó, ọ̀pọ̀ tó sì ti fi owó ránṣẹ́ ń jókòó de ẹ̀rọ tí kò dé.

Ohun tó fà á ni pé ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lórí tábìlì yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé onílé. Acorn ti kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ṣíìpù kéékèèké sínú ṣíìpù ńlá tí ilé-iṣẹ́ Ferranti ń bá wọn ṣe, kí owó lè wálẹ̀. Èyí tó ń mójú tó àwòrán máa ń gbóná, bó bá sì ti gbóná tán, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Wọ́n lẹ irin tó ń fa ooru mọ́ ọn lórí títí wọ́n fi rí èyí tó sàn ṣe.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti mẹ́mọ́rì ojú odó yẹn. Kí ó tó lè yára tó bí wọ́n ṣe fẹ́, ṣíìpù kékeré kan tí National Semiconductor ṣe ló gbọ́dọ̀ wà láàárín. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn gbé tiwọn wá, irú kan náà lórí bébà, kí Acorn lè ra tiwọn. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Furber sọ ọ́ gbangba lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé àwọn ò mọ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ kan wà nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́ tó jẹ́ pé àfi kí ẹnjiníà kan fi ìka tẹ ibì kan lórí bọ́ọ̀dù kó tó ṣiṣẹ́. Bó bá gbé ìka kúrò, ẹ̀rọ á wó. Wọn ò lè ta ìka ẹnjiníà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ, nítorí náà wọ́n wá ohun kékeré kan tó ń dín agbára iná kù, wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó sì gbà. Bí èyí náà ṣe gbà, Furber ní àwọn ò mọ̀. Ẹ̀rọ tó ju mílíọ̀nù kan lọ jáde tán, ìbéèrè yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n tà á lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ síwèé, ohun tí BBC rò ni ẹ̀rọ 12,000. Gbogbo èyí tí wọ́n tà nínú ìdílé BBC Micro ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Kenneth Baker jẹ́ mínísítà tó ń mójú tó ọ̀ràn ìmọ̀-ẹ̀rọ nínú rẹ̀, gbà láti san ìdajì owó kọ̀ǹpútà fún àwọn iléèwé, BBC Micro sì wà lára àwọn tí iléèwé lè mú. Nígbà tó di pé iléèwé kan ní mẹ́wàá, wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀ kí gbogbo wọn lè jọ lo dísìkì kan. Econet ni Acorn pe okùn àsopọ̀ yẹn. Ẹni tó ra síìmù ní Nàìjíríà lọ́dún 2001 á rántí orúkọ náà níbòmíràn. Kò sí nǹkan tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ ju orúkọ lọ.

Inú Sinclair ò dùn rárá. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé kì í ṣe iṣẹ́ BBC láti máa fi orúkọ rẹ̀ ta kọ̀ǹpútà, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, torí owó ará ìlú ni BBC ń ná, orúkọ rẹ̀ sì ju ìpolówó èyíkéyìí tí oníṣòwò lè rà lọ. Ohun tó fi dáhùn ni ZX Spectrum, oṣù Kẹrin 1982, £125 fún èyí tó ní kílóbáìtì 16. Nílé àwọn èèyàn, Spectrum ló borí. Ní iléèwé, BBC ló borí. Ìkùnsínú náà kò tán bọ̀rọ̀: nígbà Kérésìmesì 1984, lẹ́yìn tí Acorn polówó pé àwọn ẹ̀rọ Sinclair máa ń tètè bàjẹ́, Sinclair pàdé Curry nílé ọtí Baron of Beef ní Cambridge, ó ká ìwé ìròyìn, ó fi gbá ọ̀gbẹ́ni tó ti fìgbà kan rí jẹ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀.

Ojúhò tó wà lábẹ́ ikùn

Kí la wá fi Tube ṣe? Acorn ta ọpọlọ 6502 kejì fún un, wọ́n ta ọpọlọ mìíràn tó ń jẹ́ Z80 fún ẹni tó fẹ́ lo CP/M, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi ti àwọn ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ ilé ò so nǹkankan mọ́ ọn rí. Ká ní wọ́n yọ ọ́ kúrò kí owó ẹ̀rọ lè wálẹ̀, mi ò rò pé oníbàárà púpọ̀ ni ì bá mọ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1983, Acorn ń wá ọpọlọ tuntun tó máa rọ́pò 6502, wọ́n sì ń fi ojúhò yẹn dán gbogbo èyí tó wà lọ́jà wò. Kò sí èyí tó tẹ́ Wilson àti Furber lọ́rùn. Wọ́n ní ó lọ́ra láti gba nǹkan láti inú mẹ́mọ́rì. Wọ́n rìnrìn àjò lọ sí Arizona ní Amẹ́ríkà lọ bá Western Design Center, àwọn tó ń ṣe ìran tuntun 6502. Wọ́n rò pé ilé ńlá ni wọ́n máa bá. Ilé gbígbé kan báyìí ni wọ́n bá, tí àwọn èèyàn díẹ̀ ń yàwòrán ṣíìpù nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn ni pé bí àwọn wọ̀nyí bá lè ṣe é, àwọn náà lè ṣe é.

Wilson ló ronú àṣẹ tí ọpọlọ tuntun náà máa gbọ́, ó sì fi BBC BASIC kọ ètò tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni ọpọlọ ọ̀hún, lórí BBC Micro. Furber ló yàwòrán inú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní ARM. Ṣíìpù àkọ́kọ́ dé láti ọ̀dọ̀ VLSI Technology ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1985. Wọ́n so ó mọ́ BBC Micro láti ojúhò Tube, ó sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nígbà tí Furber fẹ́ mọ iye iná tó ń jẹ, ẹ̀rọ ìwọnná ní kò jẹ nǹkankan rárá. Wọ́n wá a títí, wọ́n wá rí i pé wọn ò tíì so wáyà iná mọ́ ọn. Ìwọ̀nba iná tó ń jò wọlé láti ara àwọn wáyà tó ń gbé ìsọfúnni wá ni ṣíìpù náà fi ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dún 1990, Acorn, Apple àti VLSI dá ARM sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tó dá dúró, ẹnjiníà 12 nínú abà kan lẹ́yìn odi Cambridge. Fóònù tí ń lo bátìrì kékeré nílò ọpọlọ tí kì í jẹná, ARM sì wà nílẹ̀ fún un. Ó wọnú Nokia 6110 lọ́dún 1997. Nokia 3310, tí ọ̀pọ̀ wa ní Èkó àti Ìbàdàn fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́, òun náà ní in nínú. Lónìí, ó ti ju bílíọ̀nù 200 ṣíìpù tí wọ́n ti fi àwòrán ARM ṣe.

Acorn gan-an ò jẹ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Fún Kérésìmesì 1983 wọ́n ṣe Electron, BBC Micro tí wọ́n gé kúrú kó lè bá Spectrum dù ú, ṣíìpù rẹ̀ ò jáde tó, wọn ò sì rí ẹ̀rọ tó tà nígbà tí gbogbo èèyàn ń wá a. Nígbà tí ẹ̀rọ fi máa pọ̀ lọ́wọ́ wọn ní 1984, ọjà ti tú. Gbèsè dé. Ní oṣù Kejì 1985, ilé-iṣẹ́ Olivetti ti Ítálì san mílíọ̀nù £12, wọ́n fi gba ìdá 49.3 nínú ọgọ́rùn-ún Acorn. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n jọ ń dúnàá-dúrà, kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn ará Ítálì pé àwọn kan wà nínú ilé náà tó ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ tiwọn. Ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé tán ni wọ́n tó gbọ́.